Ọmọ Tí Ó Ń Béèrè Ọ̀rọ̀ Àìsàn Wa Lókè Òkun

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé wa àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, nígbàkígbà tí a bá ń ṣe àjọ̀dún, a máa ń ka àwọn dókítà, agbẹjọ́rò àti ẹnjiníà tí ó ti ọ̀dọ̀ wa jáde. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọmọ kan wà tí a kì í mọ ibi tí a ó kà á sí: ọmọ tí ó gba oyè gíga nípa ìlera, tí kò ní ilé ìwòsàn, tí ó ń ti ilé dé ilé láàrin àwọn ènìyàn wa lókè òkun, tí ó ń wọn ìfúnpá wọn, tí ó sì ń béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Òbí tí ó ta ilẹ̀ kí ọmọ náà tó lè lọ a máa béèrè pé, "Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?" Èmi gbà pé iṣẹ́ ni, àwa gan-an ni a sì nílò rẹ̀.

Ẹ wo Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Benin kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó wà nínú ikọ̀ tí Richard Cooper ń darí ní Yunifásítì Loyola, nítòsí Chicago. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń yọ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé àbímọ́ ni. Àwọn wọ̀nyí kò jókòó jiyàn. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn ènìyàn tí ó lé ní 10,000 ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ní Jàmáíkà, Saint Lucia àti Barbados, títí dé Maywood ní Illinois. Babatunde Osotimehin, tí ó di mínísítà ètò ìlera wa lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tí ó kọ àbájáde rẹ̀ ní 1997. Nínú 100 àgbàlagbà, 16 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù Caribbean, 33 ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni orírun kan náà ni gbogbo wọn ní. Bí ara ṣe ń sanra sí i, tí iyọ̀ sì ń pọ̀ nínú oúnjẹ, ni àìsàn náà ń pọ̀. Ní 2005, Cooper àti àwọn mìíràn tún fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàrin àwọn aláwọ̀ funfun Jámánì ju láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ.

(Fún òbí tí ó ń bi mí nípa owó oṣù: ní 2008, Rotimi di olùdarí ibùdó ìwádìí kan lábẹ́ àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà.)

Àwa Ìjẹ̀ṣà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rìnrìn àjò. Àwọn òṣómàálò ta aṣọ àwìn dé ìlú tí wọn kò ti ní ẹbí. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dé, ilé kò jìnnà sí wọn. Ìyá tí ó kúrò ní Ẹ̀sà-Òkè lọ wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Houston ń kó oògùn oṣù mẹ́ta dání, ó sì lè lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀ láìní adójútòfò ìlera. Ta ni ó ń kà á? Nínú àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà, abẹ́ orúkọ kan náà ni a sábà máa ń kó àwa àti àwọn tí a kó baba ńlá wọn lẹ́rú sí. Ẹni tí ó gbọ́ èdè wa nìkan ni yóò mọ̀ pé "Ara le, a dúpẹ́" kò túmọ̀ sí pé ara le.

Àwa fúnra wa sì ni a ń dènà irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ó bá béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ wà nínú ìdílé wa, a ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Àdúrà ni, kì í ṣe ìdáhùn. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń yẹ ìwé ìgbélùú wò. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti béèrè ibi tí àkọsílẹ̀ náà ń lọ, kí wọ́n sì rí ìlérí náà kà nínú ìwé kí wọ́n tó dáhùn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà parí ohun tí ó dáwọ́ lé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ wà ní Peckham, Houston àti Toronto, bí ọ̀kan nínú àwọn àbúrò yín bá kan ìlẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́, ẹ fún un ní ìjókòó, ẹ kó oògùn màmá jáde kí ó rí i, kí ẹ sì sọ ohun tí ó pa bàbá yín fún un.