Kí Ló Dé Tí Oṣó Kò Gbọdọ̀ Wọ Ẹ̀wù Irin?

Ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Àgùnbánirọ̀ kan tí ó sìnjọba ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìlerò níhìn-ín ni ó kọ́ àwọn ọmọ ní eré kan tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons. Gary Gygax àti Dave Arneson ni wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Ẹnìkan yóò jẹ́ apààlọ́, àwọn yòókù yóò di ènìyàn inú àlọ́: ọ̀kan á di jagunjagun, òmíràn á di oṣó. Dáìsì tí wọ́n bá dà sílẹ̀ ni yóò sọ bóyá ohun tí wọ́n dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere.

Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan béèrè pé, “Sà, kí ló dé tí oṣó mi kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù irin?” Àgùnbánirọ̀ dáhùn pé, “Bí ìwé ṣe wí nìyẹn.” Ọmọ náà fi dáìsì sílẹ̀, ó dìde. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń máàkì ìwé. Ìdáhùn náà dùn mí, nítorí pé irú rẹ̀ ni èmi náà ti ń fún àwọn ọmọ láti ohun tí ó lé ní ogún ọdún.

Lójú tèmi, ìdí méjì ni òfin eré ń ní: ìdí ti ẹni tí ó ṣe eré, àti ìdí ti àwọn tí ń gbé inú eré. Bí oṣó bá lè wọ ẹ̀wù irin, kí ó sì tún máa pidán, ta ni yóò fẹ́ jẹ́ jagunjagun mọ́? Ìdí ti ẹni tí ó ṣe eré nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n oṣó tí ó wà nínú igbó àlọ́ kò mọ ẹni tí ó ṣe eré. Kí ni yóò ṣe é bí ó bá ki orí bọ ẹ̀wù náà? Ohun tí ọmọ náà ń béèrè nìyí.

Òfin mìíràn wà nínú eré náà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ọfọ̀ tí oṣó bá pè tán á pòórá lọ́kàn rẹ̀, àfi bí ó bá tún un kọ́. Èyí kò bí wọn nínú, nítorí pé ó ní ìtàn nídìí. Inú The Dying Earth, ìwé Jack Vance tí ó jáde ní 1950, ni wọ́n ti mú un. Níbẹ̀, ọfọ̀ wúwo débi pé díẹ̀ péré ni ọpọlọ lè gbà lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá sì ti jáde lẹ́nu, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ọpọ́n ayò ní ojúlé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá tán ní ìhà ọ̀dọ̀ ẹnìkejì rẹ, o gbọ́dọ̀ ta ayò tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí o bá ní i. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ ń bi mí pé kí ló dé tí a ó fi máa bọ́ ọ̀tá. Mo máa ń sọ pé òfin ni. Bẹ́ẹ̀ ni èdè tí a fi ń ta ayò ti dá wọn lóhùn! Ojúlé ni a pe ihò, ọmọ ni a pe èso. Agboolé tí kò sí ọmọ nínú rẹ̀ ti di ahoro, ta ni yóò sì pe ènìyàn ní ọ̀ta láàárín ahoro? Bákan náà, bí ọmọ bá pọ̀ tó 12 lọ́wọ́ rẹ, o máa ń fo ojúlé tí o ti kó wọn. Mo sọ fún wọn pé ẹni tí ó di ẹrù jáde nílé kì í tún sọ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé. Ti méjì àti mẹ́ta tí à ń jẹ, ìṣirò ni, ìṣirò náà ni mo sì pè é fún wọn. N kò fẹ́ràn kí olùkọ́ máa hun irọ́ nítorí kí ó má baà dákẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù ni kíláàsì lítíréṣọ̀. Bí a bá béèrè ìdí ohun kan nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Fágúnwà kọ ní 1938, “oògùn ni” ni ọmọ yóò kọ, a ó sì fún un ní máàkì! Àwa ni a kọ́ wọn pé ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀ nínú igbó yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn ọdẹ méje tí ó lọ sí Òkè Lángbòdó. Imọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn, Ẹfọ́ìyẹ ní ọfà, Kàkò ní kùmọ̀. Elégbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko nítorí pé ọwọ́ ẹranko ni ó ti dàgbà. Agbára ẹnìkọ̀ọ̀kan ní orísun, ó sì ní ààlà. Ìdí nìyẹn tí wọn fi nílò ara wọn. Ọfọ̀ pàápàá kì í ṣe ariwo lásán. “Pè” wà nínú orúkọ pèrègún, nítorí náà ni a fi ń ké sí i nígbà tí a bá fẹ́ pe ohun kan wá. Pierre Verger fi irú ìso-mọ́ra báyìí láàárín ewé àti ọ̀rọ̀ hàn nínú ìwé rẹ̀, Ewé, ní 1995.

Mo pe ọmọbìnrin náà padà, mo ní kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ìdí ọ̀rọ̀ oṣó náà fúnra wọn. Ó ní Ògún ni ó ni irin, kò sì ní fẹ́ kí agbára mìíràn bá òun gbé inú ẹ̀wù kan. Ọmọkùnrin kan ta kò ó lójú ẹsẹ̀: “Àkàrà-oògùn ńkọ́? Ṣebí ìbọn àti oògùn ni ó jọ gbé lọ!” Òótọ́ ni. Wọ́n pa òfin náà rẹ́, wọ́n kọ òmíràn: kí oṣó wọ ohun tí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n oògùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní èèwọ̀, ẹni tí ó bá sì jẹ èèwọ̀ rẹ̀, oògùn náà bàjẹ́. Jagunjagun ní tirẹ̀ kò ní èèwọ̀ kankan. Àgùnbánirọ̀ wò mí, ó ní eré náà tún gún régé.

Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí èèwọ̀ tí wọn yóò fún ẹ̀gbé nígbà tí aago lù.