Ẹ Má Gé Wáyà Bọ́tìnnì Tí Ń Pa Ẹ́ńjìnnì



Ọ̀rọ̀ owó oṣù kọ́ ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì kékeré tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì lára kẹ̀kẹ́ alẹ́ńjìnnì ni. Ẹ dé ibi tí a ń gbé kẹ̀kẹ́ sí lẹ́yìn ilé iṣẹ́, kí ẹ wo ọwọ́ wọn dáadáa. Ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti gé wáyà rẹ̀, tí wọ́n fi tépù dúdú wé e. Ẹ bi ẹni tó ni ín, yóò ní mẹkáníìkì ló gé e, àti pé láti ìgbà náà kẹ̀kẹ́ kò yọ òun lẹ́nu mọ́. Èmi náà gé tèmi rí. Ẹni tó ti ṣe é ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irú ẹ́ńjìnnì kékeré bẹ́ẹ̀ kì í lo bẹ́tìrì láti ṣáná. Mágínẹ́tò tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ló ń pèsè iná tó ń lọ sí púlọ́ọ̀gì. Wáyà kan yà láti ibẹ̀ wá sí bọ́tìnnì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò so wáyà yẹn mọ́ ara irin kẹ̀kẹ́; iná yóò sá gba inú irin lọ, púlọ́ọ̀gì kò ní rí nǹkan kan, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú. (Àwọn alùpùpù kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ni bọ́tìnnì tiwọn ń já iná. Ẹ bi oníwáyà kí ẹ tó fọwọ́ kan irú ìyẹn.)

Àìsàn méjì ló ti ibẹ̀ wá. Èkíní ni kí wáyà kan irin níbi tí kò yẹ: ara rẹ̀ ti bó níbi ọrùn kẹ̀kẹ́ tí a ń yí sọ́tùn-ún sósì lójoojúmọ́, tàbí kí òjò ti wọ inú bọ́tìnnì. Nígbà náà, bí ẹ wa pẹ́dà títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn. Èkejì ni kí wáyà já, tàbí kí ìpẹtà bo ẹnu bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é, àfi ọjọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò gbọ́. Àìsàn èkíní ń pariwo, èkejì kì í sọ̀rọ̀. Mẹkáníìkì tó gé wáyà, èkejì ló fi wo èkíní.

Ọjọ́ tí tèmi kò gbọ́, alẹ́ ni, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Wáyà tí a fi ń fún un ní epo há sókè, kẹ̀kẹ́ ń sáré lọ, mo tẹ bọ́tìnnì, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí mo rántí fa kílọ́ọ̀ṣì, mo ti wà nínú gọ́tà. Ìgbọ̀nwọ́ mi ṣì ń dùn mí bí òjò bá ń bọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ láti ṣáná, ẹ tú wáyà bọ́tìnnì níbi tí wọ́n ti so ó nítòsí ẹ́ńjìnnì. Ẹ tú u ni mo wí, ẹ má gé e. Ẹ rí i pé ẹnu rẹ̀ kò kan irin, kí ẹ wá dán an wò. Bó bá ṣáná, bọ́tìnnì tàbí wáyà rẹ̀ ló níṣòro. Bí kò bá ṣáná, ẹ fi bọ́tìnnì sílẹ̀, ẹ lọ wo epo àti púlọ́ọ̀gì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ra kọ́ìlì tuntun lásán nítorí wáyà tó bó. Bí ó bá jẹ́ bọ́tìnnì, bẹ́tìrì tọ́ọ̀ṣì àti gílóòbù kékeré tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ ti tú u: ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ló yẹ kí iná tàn. Bó bá ń tàn láìtẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí i, ẹ gbẹ omi inú rẹ̀, kí ẹ sì tọ wáyà dé ọrùn kẹ̀kẹ́. Bó bá kọ̀ láti tàn rárá, ẹ fi yánpépà ha ìpẹtà kúrò. Èyí tó ní wáyà kan ṣoṣo, irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni èkejì rẹ̀, ọ̀dà sì lè dí i lọ́nà.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ láti kú, ẹ di bíréékì mú gírígírí, kí ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹ tún lè ti epo pa, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ jó èyí tó wà nínú kabúrétọ̀ tán. Ẹ má fi ọwọ́ lásán fa orí púlọ́ọ̀gì, yóò gbé yín.

Nínú ilé iṣẹ́, òdìkejì èyí ni wọ́n ṣe bọ́tìnnì pupa ara ẹ̀rọ. Iná ń gba inú rẹ̀ kọjá nígbà gbogbo. Bí wáyà bá já, ẹ̀rọ yóò dúró fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, a mọ àwọn ọ̀gá tó máa ń ní kí wọ́n so wáyà kọjá lórí rẹ̀ nígbà tí ọjà bá yá. Òfin Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti ọdún 1987 sọ pé kí ohun tí a lè fi tètè gé agbára wà níbi tí bẹ́líìtì àti ọ̀pá ẹ̀rọ bá ń yí.

Àwọn ará wa tó ń fi kẹ̀kẹ́ ilé iṣẹ́ jíṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní kí wọ́n máa fi owó ara wọn tún un ṣe. Arákùnrin kan sọ fún mi pé kí ló dé tí mo ń jà nítorí bọ́tìnnì tí kò wọ́nwó. Bọ́tìnnì kò wọ́n lóòótọ́. Wákàtí tí a ó fi jókòó tún un ṣe ló wọ́n fún ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní iye ìrìn tó bá rìn. Ìdí nìyẹn tó fi ń gé e. Mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa béèrè owó wákàtí náà, kì í ṣe owó bọ́tìnnì nìkan.

Kí ẹ sì rántí pé Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kan ẹni tó farapa lọ́nà ilé sí ibi iṣẹ́. Ọjọ́ 14 ni a ní láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Èmi kò mọ̀ nígbà tèmi.

Mo ti so wáyà tèmi padà. Gílóòbù àti bẹ́tìrì wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ tirẹ̀ wò, kí ó wá bá mi ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán.