Gílísárìn: Ìyókù tí Kò Yẹ kí ó Ṣòfò

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́, kò sí àgbàlagbà tí kò mọ ọṣẹ dúdú. Omi eérú ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi di ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ọṣẹ nìkan kọ́ ni ó ń jáde nínú ìkòkò náà. Omi eérú a máa ya epo sí méjì: apá kan a di ọṣẹ, apá kejì a di gílísárìn, omi dídùn tí ń fà bí oyin. Scheele, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ni ó kọ́kọ́ rí i ní 1779. Àwọn ìyá tí ń ṣe ọṣẹ kì í yọ ọ́ kúrò, wọn kò sì ṣe àṣìṣe, nítorí pé ó ń mú kí ara tutù.

Ọ̀ràn náà yí padà bí a bá fẹ́ sọ epo di dísẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan ń sọ pé ó yẹ kí á gbin lápálápá, igi tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká, lọ́pọ̀lọpọ̀ fún iṣẹ́ yìí, níwọ̀n bí epo rẹ̀ kò ti ṣeé jẹ. Èrò wọn kò burú, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Bí 100 kílò dísẹ́ẹ̀lì bá jáde, nǹkan bí 10 kílò gílísárìn ni yóò bá a jáde, tòun ti iyọ̀, ọṣẹ àti ọtí olóró tí ń fọ́ni lójú. Irú èyí kò ṣeé fi para, kò sì tọ́ kí á dà á sódò. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bí dísẹ́ẹ̀lì yìí ti ń pọ̀ sí i lẹ́yìn 2000, owó gílísárìn já wálẹ̀ gidigidi. Ẹni tí ó bá kọ́ ilé iṣẹ́ láìro èyí dà bí ẹni tí ń dá ẹmu láìní agbè.

Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ti rí ọ̀nà kan. Wọ́n ń lo irin bíi bàbà, níkẹ́ẹ̀lì tàbí plátínọ́mù láti mú iṣẹ́ yá, láìjẹ́ pé irin náà tán sínú iṣẹ́. Kátálíìsì ni wọ́n ń pè é. Bí àgbẹ̀ kì í ti í ri gbogbo ebu rẹ̀ sínú ebè kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fọ́n irin wínníwínní náà káàkiri ara èédú oníhò, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fara kan gílísárìn. Bí gílísárìn àti háídrójìn bá pàdé lára bàbà, nínú ooru tí ó tó 200 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, gílísárìn a di propylene glycol, èròjà tí wọ́n ń lò nínú oògùn àti ìpara. Plátínọ́mù wọ́n ju bàbà lọ fíìfíì. Bàbà ni ó yẹ kí ẹni tí owó rẹ̀ kéré kọ́kọ́ wò. Bí ooru bá pọ̀ jù, irin náà a wọ́ jọ, iṣẹ́ a sì dẹ̀. Ìdọ̀tí inú gílísárìn pẹ̀lú a máa pa agbára rẹ̀. Nítorí náà fífọ̀ ọ́ mọ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, ó sì ń náni lówó.

Èédú náà kò jìnnà. Èèpo ẹkùrọ́ tí àgbẹ̀dẹ fi ń dáná ṣeé sọ di èédú oníhò bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Landmark sì ti wà ní Òmù-Àrán láti 2011. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣán oko fún lápálápá, kí àwọn tí ń kọ́ kẹ́místrì ní agbègbè náà kọ́kọ́ dán bàbà wò lára èédú ẹkùrọ́, kí wọ́n sì ṣírò iye tí yóò náni.