Òfin Ìbéèrè Ìwé Ìjọba Ti Dé Ìbílẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, láti ọdún 2011 ni òfin ti fún mẹ̀kúnnù láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Ọjọ́ méje ni kí wọ́n fi dáhùn, a kò sì gbọdọ̀ bi yín léèrè ìdí. Ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin Àbújá ni, kò kàn wọ́n. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní ìlú Bìní tilẹ̀ gbè wọ́n ní 2018. Ọ̀rọ̀ owó àrùn éèdì ní Edo ló bí ẹjọ́ náà. Ní April 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ yí i padà: àti ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀, òfin náà de gbogbo wọn.

Ní èṣí mo lọ béèrè iye tí wọ́n ná sí kànga ẹ̀rọ àdúgbò wa, èyí tí kò pọn omi rí. Akọ̀wé ní, “Àfáà, ẹ lọ máa ké kéwú yín.” Kò mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ni yóò bá a kọ ọ́ sílẹ̀!

Ìtanràn ẹni tí ó fi ìwé pamọ́ láìtọ́ jẹ́ ₦500,000. Owó yìí kò ba ọ̀gá kankan lẹ́rù mọ́. Kí àwọn aṣòfin fi kún un. Ní ọjọ́ Àtìní, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, mo ń padà lọ bá akọ̀wé yẹn.