Ogún Tí Kò Dá Ìjà Sílẹ̀

Nílẹ̀ Yorùbá, bí baba bá ti papò dà, ọ̀nà méjì ni ẹbí ń gbà pín ogún. Nínú ìdí-igi, iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó dá ogún sí ọ̀nà. Nínú orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń gba ìpín tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé ẹjọ́ Dáwódù àti Danmole kúrò ní Èkó, ó di iwájú ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1962 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ pé ìdí-igi ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú òfin. Títí di òní, bí wọ́n bá ṣe ń palẹ̀ ìnáwó òkú mọ́ ni ìwé ilẹ̀ ń jáde, tí àwọn ọmọ bàbá kan náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀yìn síra wọn.

Ogún tó wúlò fún mi jù lọ́wọ́ bàbá mi kò sí nínú ìwé kankan. Káfíńtà ni wọ́n, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ahọ́n àti etí wa ni wọ́n fi ogún náà sí, gbogbo wa tí wọ́n bí la sì gbà á láìdín ti ẹnì kan kù.

Ẹ jẹ́ ká mú gàrí. Bàbá mi kì í rà á láìtọ́ ọ wò. Wọ́n á bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi ìka ra á bóyá ó gbẹ, wọ́n á sì jù ú sẹ́nu. Gàrí Ìjẹ̀bú tó dáa máa ń kúnná, ó máa ń kan, ó sì máa ń dún lábẹ́ eyín. Bí a bá délé, omi tútù ni wọ́n máa bù sí i, pẹ̀lú ẹ̀pà tàbí ẹja díndín. Wọn kì í fi ṣúgà sí i. Wọ́n ní ṣúgà máa ń bo adùn ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbé gàrí tí kò kan dáadáa síwájú mi lónìí, ahọ́n mi á mọ̀.

Ẹ̀kọ́ ń bẹ nídìí ìtọ́wò yẹn. Bí mo bá ní kí wọ́n ná an kí ìyá elégàrí dín in kù, wọ́n á ka iṣẹ́ inú rẹ̀ fún mi: wọ́n hú ẹ̀gẹ́, wọ́n bó o, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n rin ín, wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n gbé nǹkan wúwo lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan, wọ́n jọ̀ ọ́, kí wọ́n tó wá jókòó yan án nínú èéfín. "Ẹni tó ṣe gbogbo èyí, ìwọ wá fẹ́ yọ nínú owó ẹ̀?" Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ náà ni wọ́n ń ka owó lé obìnrin náà lọ́wọ́. Látìgbà náà, kí n tó pe ọjà ní ọ̀wọ́n, mo máa ń kọ́kọ́ ro ti ọwọ́ tó ṣe é. Owó alágbàṣe kì í sì í sùn sí mi lọ́wọ́.

Ní ti etí, àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá ni. Ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni Hárúnà. Ní 1971 ló gbé àwo Òròkí jáde, èyí tó fi yin ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri. Ó kú ní 1983, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúrò ní pálọ̀ wa. Orin rẹ̀ kì í kánjú: ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agídìgbo á máa lọ wọ́ọ́rọ́, òwe á máa já lé òwe. Bàbá mi á gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, wọ́n á ní kí n sọ ohun tí òwe yẹn ń bá wí. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, àwo á dákẹ́ títí a ó fi jọ tú u. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìdí kí n tó fèsì, ẹ̀kọ́ náà ló sì ń ràn mí lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn.

Mo mọ̀ pé ayé le fún baba òde òní. Ọ̀pọ̀ ló ń jáde nílé ní Èkó kí àkùkọ tó kọ, tí ọmọ á ti sùn kí wọ́n tó dé. Owó ilé àti owó ilé ìwé kò gba ìsinmi. Síbẹ̀, bí fóònù bá ń yan orin fún ọmọ, tí indomie sì di oúnjẹ àárọ̀ àti alẹ́ rẹ̀, kí la máa sọ pé a fi lé e lọ́wọ́? Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kíkọ́ ọmọ kò pin sí ìbáwí àti ẹgba. Kéèyàn bá ọmọ jẹun, kó bá a gbọ́ orin, kó sì ṣàlàyé fún un, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin baba, ẹ yọ àárọ̀ Sátidé sọ́tọ̀. Ẹ mú ọmọ yín lọ sọ́jà, lọ́kùnrin lóbìnrin, kó rí bí ẹ ṣe ń ṣa ọjà àti bí ẹ ṣe ń bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀. Ẹ fi orin tí ẹ fẹ́ràn sí i létí, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tí baba yín ṣì wà láyé, ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹbí máa pèpàdé ogún. Ẹ lọ bá wọn jẹun lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bi wọ́n ní ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀.