Gbogbo Aṣọ Kọ́ Là Ń Sá Lóòrùn: Òwe Àgbà Lójú Fóònù Ará Àgídìngbì

Òwe tó sọ pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn wà lára àwọn òwe tí Yorùbá fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ máa rojọ́ ilé níta, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé ọ̀rọ̀ ìtìjú nìkan ló ń bá wí, pé aṣọ tó dọ̀tí, tàbí tó ya, tàbí tí kò yẹ kí ojú àlejò tó ni a kì í gbé síta. Ìtumọ̀ yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò kún tó. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ mọ̀ pé ìdí tí a fi ń sá aṣọ kan sí ibòji ju ẹyọ kan lọ. A kì í sá tòbí àti aṣọ abẹ́ síta gbangba nítorí ojú ènìyàn. A kì í sì í jẹ́ kí aṣọ aláró pẹ́ lójú oòrùn ọ̀sán, bó ti wù kó lẹ́wà tó, nítorí pé oòrùn yóò pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Aṣọ ìṣáájú ń ti ẹni tó ni ín lójú, èkejì kò ti ẹnikẹ́ni lójú, oòrùn ló lè bà á jẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo WhatsApp kì í fọkàn sí nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé àwọn kò ní ohunkóhun tí àwọn ń fi pamọ́, bí ẹni pé ẹni tó dá ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ló yẹ kó ní ilẹ̀kùn.

Àgídìngbì, ní Ìkẹjà, jẹ́ ibi tí a ti lè fojú inú wo òwe yìí dáadáa. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ńláńlá, irú bíi Cadbury, tí òṣìṣẹ́ ọ̀sán ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ òru. Kò sì jìnnà sí Aláúsá tí olú ilé iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà. Ní Àgídìngbì náà ni Radio Lagos, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977, àti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n LTV, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1980, ti ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀. Ariwo wà nínú orúkọ náà pàápàá, nítorí Ogun Àgídìngbì wà lára orúkọ tí àwọn ará Èkó fi ń pe ìjà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé wá bá wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí ìró àgbá mi ìlú tìtì. Ẹni tó bá wọ yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ mọ̀ pé nígbà tí iná pupa bá ti tàn, ohun tí ẹnu bá sọ ti di ti gbogbo ayé, nítorí náà ó máa ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Fóònù tí òṣìṣẹ́ fà yọ nínú àpò lẹ́yìn iṣẹ́ òru náà jẹ́ ilé rédíò kékeré, àfi pé kò ní iná pupa tí yóò sọ fún un bí àwọn tó ń gbọ́ ọ ti pọ̀ tó.

Ojú ewé tí wọ́n ń pè ní Settings, èyí tí a ti ń pàṣẹ fún áàpù, ni iná pupa náà fara pamọ́ sí, lábẹ́ ẹ̀ka tí wọ́n kọ Privacy sí, tí ó túmọ̀ sí ohun ìkọ̀kọ̀ ẹni. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé WhatsApp sórí fóònù rẹ̀ tí kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan, àwòrán ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣókí tó kọ nípa ara rẹ̀, àti àkókò tó wà níbẹ̀ kẹ́yìn ni wọ́n ti tò sí abẹ́ “Everyone”, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ní nọ́ńbà rẹ̀ lè rí wọn, ì báà jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹnikẹ́ni náà sì lè fà á wọ gúrúùpù láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Status, ìyẹn àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ tó ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, ni kò lọ tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù onítọ̀hún nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ tò ó fún. Ṣùgbọ́n ta ni nọ́ńbà rẹ̀ kò sí lórí fóònù ará Èkó? Mẹkáníìkì wà níbẹ̀, ajẹ́ntì tó wá ilé fún un lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn wà níbẹ̀, ẹni tó tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì lè máa rí ọjọ́ tí ó rìnrìn àjò àti ọjọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi àwọn àyè mìíràn sí i: “My contacts”, tó mú un dé ọ̀dọ̀ ojúlùmọ̀ nìkan, “My contacts except”, tó yọ àwọn kan kúrò láàrin ojúlùmọ̀, àti “Nobody”, tí kò fún ẹnikẹ́ni láyè. Ìdájọ́ kan tó bá ìwà ọmọlúàbí mu tilẹ̀ wà nínú ètò náà, nítorí ẹni tó bá fi àkókò tirẹ̀ pamọ́ kò ní lè rí ti ẹlòmíràn mọ́.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí àwòrán ojú, nítorí òun gan-an ni aṣọ aláró tí a wí. Kò sí ìtìjú kankan nínú kí òṣìṣẹ́ ya fọ́tò nínú aṣọ iṣẹ́ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn, ohun ìwúrí ni. Síbẹ̀, oníjìbìtì tó bá rí i lè gbé àwòrán yẹn sórí nọ́ńbà mìíràn, kí ó kọ orúkọ tó rí lára káàdì náà sí i, kí ó sì máa ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ onítọ̀hún pé nọ́ńbà òun tuntun nìyí, pé wàhálà kan dé bá òun lójú ọ̀nà, pé kí wọ́n bá òun fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ títí di ọ̀la. Fọ́tò kò yí padà, ẹni inú rẹ̀ kò hùwà burúkú kankan, àmọ́ oòrùn ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ìbí, orúkọ bàbá ìyá ẹni, àti orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè di kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá kó wọn jọ.

Òwe mìíràn, èyí tó sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, ló bá apá kejì ọ̀rọ̀ yìí mu, ìyẹn ààbò. Ìkọ̀kọ̀ ń sọ ẹni tó lè wo àgbàlá, ààbò sì ń sọ ẹni tó lè gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jí WhatsApp gbé ní Nàìjíríà kò nílò ọgbọ́n kọ̀ǹpútà kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ nọ́ńbà ẹlòmíràn sínú WhatsApp lórí fóònù tuntun, áàpù náà yóò fi kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí síìmù ẹni tó ni nọ́ńbà, kí ó lè mọ̀ bóyá òun ló ń wọlé lóòótọ́. Oníjìbìtì yóò wá pe ẹni náà, yóò pera rẹ̀ ní akọ̀wé ìjọ, tàbí aṣojú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, tàbí ẹni tó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé orí ẹ̀rọ, yóò sì ní kí ó jọ̀wọ́ ka àwọn nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ohùn rẹ̀ máa ń tutù, ó sì lè máa pe ìyá àgbàlagbà ní “Mọ́mì”. Nǹkan tó dùn mọ́ni nínú àṣà wa, pé a kì í fi ìbínú dá ẹni tó bọ̀wọ̀ fúnni lóhùn, ni ó fi ń la ògiri. Ní kété tí kóòdù náà bá ti jáde lẹ́nu, àkáǹtì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, gbogbo ọ̀rẹ́ àti ẹbí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ owó yíyá láti orí nọ́ńbà tí wọ́n mọ̀ dájú.

Ohun tó ń dí ihò yìí ni WhatsApp ti fún gbogbo ènìyàn láti oṣù Kejì ọdún 2017, wọ́n sì ń pè é ní Two-step verification, ìfìdímúlẹ̀ onípele méjì. Ẹni tó bá tan án yóò fúnra rẹ̀ yan PIN onínọ́ńbà mẹ́fà, èyí tó yàtọ̀ sí kóòdù tó ń wá láti orí síìmù, tí ó fi jẹ́ pé bí kóòdù bá tilẹ̀ já sọ́wọ́ olè, ilẹ̀kùn kejì ṣì wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí kò bá tan án ṣáájú fi àyè sílẹ̀ fún olè láti tan án, nítorí oníjìbìtì tó bá ti wọlé lè yan PIN tirẹ̀, kí onílé sì dúró fún ọjọ́ 7 kí ó tó lè wọlé láìsí PIN náà. Òótọ́ ni pé bí onílé bá tún tẹ kóòdù tuntun tó wá sórí síìmù rẹ̀, olè yóò jáde lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ 7 láìlè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń tajà lórí WhatsApp.

Ó kù síbi kan, pé kí ènìyàn máa yẹ “Linked devices” wò, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ mìíràn tí a so mọ́ àkáǹtì ẹni, pàápàá lẹ́yìn tí fóònù bá ti ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe dé láti ọjà Computer Village ní Ìkẹjà.

Àwọn kan á ní kí ni gbogbo èyí wà fún, nígbà tó jẹ́ pé láti oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láti ẹnu ẹni tó fi í ránṣẹ́ títí dé etí ẹni tó gbà á, tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lè kà á. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni títì náà ń ṣọ́, kò ṣọ́ ẹni tó wà ní òpin ọ̀nà, tó lè ya fọ́tò ọ̀rọ̀ náà kí ó sì gbé e sí gúrúùpù ẹlẹ́ni 1,024. Kò sì bo àwọn ìsọfúnni mìíràn tí ilé iṣẹ́ ń kó jọ nípa aṣàmúlò. Lórí irú èyí ni àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Nàìjíríà, fi bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tó ni WhatsApp, ní oṣù Keje ọdún 2024, pẹ̀lú ẹ̀sùn pé kò fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti pinnu ohun tí wọ́n ń fi ìsọfúnni wọn ṣe. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì fọwọ́ sí ìtanràn náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Abala 37 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ti dáàbò bo ilé, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ọmọ ìlú tẹ́lẹ̀, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 sì fi kún un. Òfin lè fi ìyà jẹ ilé iṣẹ́. Kò lè bá ẹnikẹ́ni ká aṣọ kúrò lórí okùn.

Ọ̀rọ̀ kan kù nínú òwe náà tí àwọn aláàlàyé kì í sábà fọwọ́ kàn, ìyẹn “là”, tó jẹ́ “ni a”. Òwe náà kò sọ pé gbogbo aṣọ kọ́ ni èmi ń sá, “a” ló wí, bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe aṣọ alágbàfọ̀ nìkan ló ń wà lórí okùn. Ìwé nọ́ńbà tó wà lórí fóònù ẹnì kan jẹ́ aṣọ ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Àwọn áàpù ayánilówó ló kọ́ ará Èkó ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tó rorò: ẹni tó nílò owó kékeré á gbé áàpù sórí fóònù, á tẹ “Allow” nígbà tí ó bá béèrè àyè láti ka àwọn nọ́ńbà rẹ̀, bí owó bá sì pẹ́ díẹ̀, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé olè ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn wọ̀nyí kò yá owó, kò sì sẹ́ni tó tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA, tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, bu mílíọ̀nù 10 náírà lé ọ̀kan nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn òṣìṣẹ́ FCCPC ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó ní Ọ̀pẹ̀bí, ní Ìkẹjà kan náà. Nígbà tó sì di ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Google kò gba áàpù ayánilówó láyè mọ́ láti ka nọ́ńbà tàbí fọ́tò orí fóònù.

Fọ́tò ọmọdé tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, tí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà hàn láyà rẹ̀, wà nínú irú aṣọ yìí, nítorí ìyá ló sá a, ọmọ ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò aláìsàn lórí ibùsùn, tí àwọn ẹbí ń gbé sí status láti fi tọrọ àdúrà. Nínú àgbàlá onílé púpọ̀ tó kún àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ láti Àgídìngbì títí dé Agége, bí òjò bá ṣú lọ́sàn-án, ẹni tó bá wà nílé, bóyá òṣìṣẹ́ òru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ló ń sáré ká aṣọ gbogbo ilé wọlé, láìwo ti ta ni, kí àwọn tó lọ síbi iṣẹ́ tó dé.