Ìkòkò Iléyá: Ta Ni Yóò Jẹ Nínú Rẹ̀?

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti aṣọ ọdún, kì í sì í ṣe ti àgbò tí ìwo rẹ̀ gùn jùlọ ní àdúgbò. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé "ilé yá" ni a fi ń pe ọdún náà ní Iléyá, nítorí ìgbà náà ni ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀ máa ń rántí ilé bàbá rẹ̀. Bí ó bá sì dé, ìkòkò tó wà lórí iná ni yóò kọ́kọ́ fi ojú kàn. Ní Ìbàdàn, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú ni yóò máa retí ẹran àgbò. Ní Ìjẹ̀bú, wọn yóò rin ewùrà, wọn yóò se ìkọ́kọrẹ́, nítorí àlejò tó wá fún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta ọdún kò ní ṣàì kan ilẹ̀kùn. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, odó ni yóò máa dún. Ẹ̀sìn kò bá wa jà lórí èyí. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ àwẹ̀ gbígbà ní ọjọ́ ọdún méjèèjì, ó sì fi yé wa pé ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé ọjọ́ Iléyá jẹ́ ọjọ́ jíjẹ, mímu àti ìrántí Ọlọ́hun. Nítorí náà, obìnrin tó ń dá iná ọdún, iṣẹ́ ẹ̀sìn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìtúnu àwẹ̀, Ànábì a máa jẹ dàbínù kí ó tó jáde lọ sí Yídì. Ní ọjọ́ Iléyá, kì í jẹun títí yóò fi ti Yídì dé, kí ó lè fi ẹran tó pa ṣínu. Èyí bá ohun tí ọ̀pọ̀ ilé wa ń ṣe mu: wọ́n á sáré yọ ẹ̀dọ̀ àgbò, wọ́n á fi àlùbọ́sà àti ata díẹ̀ dín in, kí tọmọdé tàgbà lè fi ẹnu kàn án kí wọ́n tó kun ẹran tó kù.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀: ta ni yóò jẹ nínú ìkòkò náà? Súrà Haji, ní ẹsẹ 37, kọ́ wa pé ìpayà Ọlọ́hun tó wà lọ́kàn ẹni tó pa ẹran ni Ọlọ́hun ń gbà, kì í ṣe ẹran fúnra rẹ̀. Nínú súrà yìí kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni a pàṣẹ pé kí ẹni tó pa ẹran jẹ nínú rẹ̀, kí ó sì fi bọ́ aláìní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ti ilé, ti ẹbí àti ọ̀rẹ́, ti aláìní. Ní ìlànà Ìmáàmù Malik tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, kò sí ìwọ̀n kan pàtó, ṣùgbọ́n kí a jẹ, kí a fi ta ẹbí lọ́rẹ, kí a sì fi ṣe sàárà.

Láyé àwọn ìyá wa, kò sí fìríìsà. Ẹran tí a kò bá lè jẹ tán, wọn a fi iyọ̀ pa á, wọn a yan án lórí iná tàbí kí wọ́n dín in gbẹ. Èyí tó pọ̀ jù, ilé aládùúgbò ni ó ń lọ. Lóde òní, mo ti rí ilé tí àgbò odindi wọ inú fìríìsà ní ọ̀sán ọjọ́ ọdún, tí àwọn ọmọ ilé kejì sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń gbóòórùn. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan. Ní ọdún kan, àwọn aláìní ará oko rọ́ wọ Mẹdínà lásìkò Iléyá. Ànábì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má tọ́jú ẹran ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Nígbà tó di ọdún kejì, ó yọ̀ǹda fún wọn láti tọ́jú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé títọ́jú ẹran kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí ebi wọ ìlú, pínpín ni ó ṣáájú. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ni kò mọ̀ pé ebi wà nílùú? Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí kò ní. Aláta kan tọ̀ mí wá lẹ́yìn wáàsí. Ó ní, "Ààfáà, ẹ má bínú. Bàbá àwọn ọmọ mi fẹ́ lọ yá owó èlé fi ra àgbò, torí àwọn ọmọ ní wọ́n ti so àgbò mọ́lẹ̀ nílé kejì. Kí ni kí n ṣe?" Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ fún wọn pé Sunna ni àgbò, fún ẹni tí agbára rẹ̀ ká a. Èèwọ̀ ni èlé. A kì í fi èèwọ̀ wá láádá." Mo ní kí wọ́n ra adìẹ, kí wọ́n fi se ọbẹ̀. Adìẹ kò lè dípò ẹran Iléyá, ṣùgbọ́n ó tó ọbẹ̀ ọdún. Ànábì fúnra rẹ̀ pa ẹran fún àwọn ìjọ rẹ̀ tí wọn kò lágbára láti pa. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ pa tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí ọdún yìí bá parí.

Ẹ̀yin baálé, ẹ jẹ́ kí a ṣàánú àwọn obìnrin wa. Wọ́n ti Yídì dé, wọ́n bọ́ sídìí iná, ilẹ̀ ṣú wọn síbẹ̀, eegun ni ó sì kù fún wọn. Aisha, ìyàwó Ànábì, jẹ́rìí pé Ànábì a máa bá ará ilé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé. Kí àwọn ọmọkùnrin pọn omi, kí wọ́n fọ ìfun, kí wọ́n gún iyán. Kí a sì bu ti ẹni tó sè é sọ́tọ̀ kí àwo tó jáde.

Ẹ̀yin oníṣòwò ata, tòmátò, àlùbọ́sà àti epo, mo mọ̀ pé ọjà ń gbówó lórí kó tó dé ọwọ́ yín. Èrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a kó ọjà pamọ́ títí di ọ̀la ọdún, kí aláìní má lè ra ata ẹyọ mẹ́wàá, èyí kò bá ẹ̀sìn mu.

Ànábì gba Abu Dharr níyànjú pé bí ó bá se ọbẹ̀, kí ó fi omi kún un, kí ó lè kan aládùúgbò. Kò ní kí ó kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀sìn wọn. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì àdúgbò wa ń gbé ìrẹsì wá fún wa nígbà Kérésìmesì. Kí àwo wọn má ṣe padà lófìfo ní Iléyá. Nítorí náà, kí a tó ti ìlẹ̀kùn fìríìsà, ẹ jẹ́ kí a ka ilé tó yí wa ká: ilé opó, ilé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yàrá ọmọ iṣẹ́ tí kò lówó ọkọ̀ relé. Kí a gbé tiwọn lọ nígbà tó ṣì gbóná.

Kí Ọlọ́hun gba ẹran wa, kí Ó gba ìkòkò wa, kí Ó ṣe ọ̀pọ̀ ọdún fún wa nínú àlàáfíà. Àmín.